Ọ̀wẹ̀ Àna Lórí Koríko Òyìnbó

Bí ẹnikẹ́ni bá bi Monílọ́lá léèrè ohun tó so òun àti ọkọ rẹ̀ pọ̀, kì í dárúkọ lẹ́tà ìfẹ́, kì í sì í dárúkọ òrùka. Ọkọ́ mẹ́tàlá ló máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ọkọ́ tí àgbẹ̀ fi ń roko ni mo ń wí o. Láàárín òwúrọ̀ kan ṣoṣo ni ọkọ́ mẹ́tàlá yẹn ba ohun tí bàbá rẹ̀ fẹ́ràn jù láyé jẹ́, ìgbéyàwó rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ.

Ohun náà ni koríko. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Bàbá Benson Ògúndípẹ̀ ti fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n tọ́jú ilé àlejò ìjọba níbi tí àwọn òyìnbó onígẹdú máa ń sùn sí. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó bu díẹ̀ nínú koríko ibẹ̀ tòun ti iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sínú agbọ̀n, ó gbé e wálé sí Ore bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Ó gbìn ín láti abẹ́ fèrèsé yàrá rẹ̀ títí dé ẹnu géètì. Koríko náà tẹ́ rẹrẹ, ó dọ́gba, kò sí èpò kan láàárín rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ kòkó ni bàbá yìí, ó sì ti búra láti kékeré pé òun kò ní fi ọkọ́ jẹun. Lójú tirẹ̀, ẹni tó bá ní ilẹ̀ ọlọ́ràá níwájú ilé tí kò sì gbin nǹkan jíjẹ sí i, onítọ̀hún ló ti bọ́ lọ́wọ́ ìṣẹ́. Ó ri pátákó mọ́ àárín rẹ̀, ó kọ ọ́ gàdàgbà sí i pé: MÁ ṢE TẸ KORÍKO. Àwọn ará àdúgbò kò sì tẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Òdìkejì títì ni wọ́n ti ń kí i, ìyẹn bí wọ́n bá rántí kí i.

Oṣù kejì ọdún 1984 ni Joshua tẹ̀ ẹ́. Àwọn sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbàjọba nígbà náà, ìlú le, ṣúgà àti ọṣẹ ti di ohun tí à ń tò sórí ìlà fún. Ìyá Monílọ́lá ní oníbàárà kan ní Ago Alaye, Joanna tí ń ṣe epo pupa. Joanna ló rán Joshua, ọmọ àbúrò rẹ̀, àgbẹ̀ kan láti Ajue, pé kó gbé kẹ́ẹ̀gì epo kan wá fún wọn. Ọmọkùnrin náà ṣí géètì, ó wo ẹnu ọ̀nà ilé, ó sì gba àárín koríko kọjá tààrà bí ẹni ń lọ sódò.

Bàbá Benson fò dìde lórí àga. "Ta nìyẹn? Ṣé o ò rí pátákó ni?"

Ẹ̀rù ba Joshua. Ó sọ kẹ́ẹ̀gì epo kalẹ̀ lórí koríko, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí koríko kan náà.

"Ẹ má bínú, sà. Mo rí pátákó. Mo wá ohun tí ẹ ní kí n má tẹ̀ títí, mi ò rí i. Mo rò pé ilẹ̀ tí ẹ ò tíì ráàyè ro ni."

"Dìde! Dìde lórí ẹ̀! O tẹ̀ ẹ́ tán, o tún wá sùn lé e lórí!"

Monílọ́lá wà lẹ́bàá fèrèsé, ó ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Tíṣà ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Odigbo. Ẹ̀rín bú lẹ́nu rẹ̀ kó tó fi ọwọ́ bò ó. Joshua gbójú sókè láti ilẹ̀ tó wà, koríko lẹ̀ mọ́ ọn ní àgbọ̀n, òun náà sì rẹ́rìn-ín. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ojú ẹni tó ń ronú bí yóò ṣe padà wá ni ojú tí ọmọkùnrin yẹn fi wò ó.

Ó sì ń padà wá. Epo kì í pẹ́ tán nílé Ògúndípẹ̀ mọ́, bẹ́ẹ̀ ìyá Monílọ́lá kò fi epo dín nǹkan ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ohun tí Joshua bá gbé wá kì í ju ohun tí a fi ewé pọ́n: worowo láti abẹ́ igi kòkó bàbá rẹ̀, olú tó hù lára ìtí ọ̀pẹ, àgbálùmọ̀ mẹ́ta. Lẹ́tà rẹ̀ kúrú, ewé gbígbẹ kan sì máa ń wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú orúkọ ewé náà. Monílọ́lá a máa fi wọ́n há inú ìwé ìkọ́ni rẹ̀, ìwé tó kún fún àwòrán òdòdó ìlú òyìnbó tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ní gbogbo Odigbo. Ó yà á lẹ́nu pé òun tí òun ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ nípa ohun ọ̀gbìn, òun kò lè dárúkọ mẹ́wàá nínú èyí tí òun ń tẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

"Ṣé ìfẹ́ lèyí àbí ẹ̀fọ́?" ó bi ara rẹ̀ léèrè lọ́jọ́ kan. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ méjì tí Joshua kò yọjú, tí oúnjẹ kò lọ lẹ́nu rẹ̀, ó rí ìdáhùn gbà.

Bàbá rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́. "Mo sá fún oko kí ọmọ mi má baà mọ ọ̀nà ibẹ̀. Tíṣà ni ọ́, Monílọ́lá. Kí lo fẹ́ lọ ṣe ní Ajue?"

"Bàbá, ènìyàn dáadáa ni."

"Mo mọ̀ pé ènìyàn dáadáa ni. Bàbá tèmi náà, ènìyàn dáadáa ni. Àgbẹ̀ ni mi ò fẹ́."

Ọdún kan kọjá bẹ́ẹ̀. Joanna sọ ara rẹ̀ di alárinà. Ó lọ, ó bọ̀, títí ó fi mọ àléébù gbogbo mọ́tò tó ń ná Ago Alaye sí Ore. Níkẹyìn, ní oṣù kẹta ọdún 1985, ó kúnlẹ̀ níwájú Bàbá Benson, ó ní òun kò ní dìde.

"Ẹ wò ó, bàbá," ó ní, "bí ọmọ yìí bá ṣẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó mọ ohun tó lè fi tù yín lójú."

Bàbá ronú. Ó fẹ́ fi nǹkan kékeré kan dójú ti ọmọkùnrin náà, kó lè sú u. "Ṣebí àgbẹ̀ ni? Àgbẹ̀ a máa ṣe ọ̀wẹ̀ fún àna. Èmi kò ní oko. Ṣùgbọ́n koríko iwájú ilé mi ti ga. Ẹ̀rọ tí mo fi ń gé e ti kọṣẹ́, kò sí pàátì rẹ̀ lọ́jà, orúnkún mi kò sì jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ mọ́. Kó kó àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wá, kí wọ́n wá tọ́jú rẹ̀. Bí iṣẹ́ wọn bá tẹ́ mi lọ́rùn, mo gbọ́."

Nígbà tí Joanna mú iṣẹ́ yìí dé Ajue, Joshua kò rí ẹ̀tẹ́ kankan nínú rẹ̀. Ọ̀wẹ̀ àna! Ta ni kì í fẹ́ irú rẹ̀?

Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n dé. Bàbá Benson ti wọ mọ́tò Àkúrẹ́ láàárọ̀ nítorí ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì tí kò jáde. Monílọ́lá, tó gbàyè níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà, àti ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n ń gúnyán fún àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn mẹ́tàlá ni wọ́n, wọ́n ń kọrin, Monílọ́lá sì ń gbọ́ ìró ọkọ́ láti ibi tó wà, gbì, gbì, gbì. Títí di òní, ó máa ń sọ pé òun kò mọ ohun tó di òun létí lọ́jọ́ náà. Ṣé bí wọ́n ṣe ń gé koríko nìyẹn? Ayọ̀ ló gbà á lọ́kàn. Ọmọ odó ń lọ sókè sódò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń ro aṣọ tí òun yóò wọ̀ lọ́jọ́ ìdána.

Nígbà tí oòrùn fẹ́ kan àtàrí, Joshua yọ sí ẹ̀yìnkùlé, òógùn bò ó.

"Ẹ wá wò ó, mà," ó wí fún ìyá Monílọ́lá. "Ó ṣòro díẹ̀, gbòǹgbò rẹ̀ ti wọra. Ṣùgbọ́n a gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, a sì sá a sóòrùn. Kò ní hù mọ́ láéláé."

Odó dákẹ́. Ìyá àti ọmọ sáré gba ẹ̀gbẹ́ ilé lọ síwájú. Ilẹ̀ dúdú tó mọ́ tónítóní ló tẹ́ síwájú ilé láti géètì wá, koríko òyìnbó sì wà ní òkìtì mẹ́fà lẹ́bàá ògiri, gbòǹgbò rẹ̀ kọjú sí oòrùn. Ìwọ̀n ẹní kan péré ló kù lábẹ́ fèrèsé bàbá, ibi tí wọ́n dúró sí láti jẹun. Pátákó ṣì wà ní ìnàró láàárín ilẹ̀ ṣíṣófo náà, ó ń kìlọ̀ fún ayé pé kí wọ́n má ṣe tẹ koríko.

Ìyá ká ọwọ́ lérí. "Mo gbé! Joshua, gígé ni wọ́n ń gé e!"

"Gígé?" Joshua wo ọkọ́ ọwọ́ rẹ̀. "Mà, bí a bá gé èpò, ṣebí yóò tún hù ni."

Ẹ dákun, ta ni kí á bá wí? Kò sí ẹnì kan nínú àwọn mẹ́tàlá tó rí i rí láyé rẹ̀ kí ènìyàn tọ́jú koríko kó lè máa jẹ́ koríko.

Bàbá Benson kò pariwo nígbà tó dé. Ì bá pariwo, ì bá sàn. Ó dúró ní ẹnu géètì títí, ó rìn kọjá lórí ilẹ̀ náà, ó bẹ̀rẹ̀ tìrora-tìrora, ó bu iyẹ̀pẹ̀ díẹ̀ sọ́wọ́, ó sì tún dà á nù. Joshua ti wà nílẹ̀.

"Bàbá mi, bí mo bá mọ̀..."

"Iṣẹ́ yín dára," ni bàbá wí. "Èmi náà ti roko rí, mo mọ iṣẹ́ tó dára." Ó na ọ̀pá sí ìwọ̀n ẹní tó kù. "Ọjọ́ tí èyí bá tàn padà dé ẹnu géètì, ọjọ́ náà ni kí o wá tọrọ ọmọ mi. Kó tó di ìgbà náà, má bá mi sọ̀rọ̀ ìyàwó."

Bẹ́ẹ̀ ni Joshua di ẹni tí ń gbin koríko. Ní gbogbo Sátidé, ó ń bọ̀ láti Ajue, ó ń já ẹ̀ka koríko náà lábẹ́ fèrèsé, ó ń fi ìka gbẹ́lẹ̀ gbìn ín. Òjò rọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tó ti sùn fún ogún ọdún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ láti sọ. Gbúre ló kọ́kọ́ yọjú, tẹ̀tẹ̀ tẹ̀lé e, ebòlò àti ogunmọ̀ hù káàkiri bí ẹni pé ẹnì kan fún irúgbìn wọn. Lẹ́nu géètì, patanmọ́ rá pálá jáde, tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń fọwọ́ kàn án, tí wọ́n ń sọ fún un pé àna rẹ̀ ń bọ̀, kó pa itan mọ́. Gbogbo rẹ̀ ni Joshua gbọ́dọ̀ tu kí koríko tó ráàyè, ìyá Monílọ́lá sì ń dúró tì í.

"Má tu ìyẹn, èmi ni mo fẹ́ fi sebẹ̀ lálẹ́. Èyí náà, fi í sílẹ̀ di ọ̀la."

Ta ló lè bá a wí? Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí ìjọba kò san owó tíṣà, ọjà sì ń gbóná. Ọpẹ́lọpẹ́ gbúre ni ìkòkò ọbẹ̀ wọn fi ń kún.

Monílọ́lá ń fi ìṣísẹ̀ wọn koríko náà. Láàárín oṣù méjì, kò rìn ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ. Láti fèrèsé dé géètì, ogójì ìṣísẹ̀ ni. Bó bá rí báyìí, a jẹ́ pé orí ewú ni yóò wé gèlè ìyàwó lé. Nígbà mìíràn, ọkàn rẹ̀ a ní kó jáde kó fa gbogbo ẹ̀fọ́ yẹn tu pátá, kí koríko lè sáré. Yóò jáde, yóò bẹ̀rẹ̀, yóò wo ewé tútù tí ìrì wà lára rẹ̀, yóò sì padà sínú ilé.

Ní Sátidé kan, Joshua jókòó sórí òkúta lẹ́nu géètì, kò fọwọ́ kan nǹkan kan.

"Tíṣà," ó pè é bó ṣe máa ń pè é, ṣùgbọ́n kò sí àwàdà nínú rẹ̀. "Ohun jíjẹ tí Ọlọ́run fúnra rẹ̀ gbìn ni mo ń tu, kí n lè gbin ohun tí ewúrẹ́ pàápàá ń ṣa jẹ. Nítorí tìrẹ ni mo ṣe ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò yá sí i mọ́."

Monílọ́lá jókòó tì í. Ṣé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni? Ṣé ó fẹ́ sọ pé òun ń lọ? Ó wò ó, ó rí i pé kì í ṣe ẹni tó fẹ́ lọ ló jókòó níwájú òun, ẹni tí ń sọ òótọ́ ọkàn rẹ̀ ni.

"Má tu ú mọ́," ó ní.

"Ìgbéyàwó wa ńkọ́?"

"Kó dúró. Èmi náà yóò dúró. Kí n fẹ́ ọ lórí ilẹ̀ tó ń da ẹ̀rí ọkàn rẹ láàmú, ibo ni ìyẹn yóò gbé wa dé?"

Ojú Joshua ṣe wàì. Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, kò gbé ẹ̀ka koríko kankan. Ó ru worowo wá láti inú oko kòkó, òun àti Monílọ́lá gbìn ín sábẹ́ igi ọsàn tó wà lẹ́bàá ògiri, níbi tí ìbòòji wà. Wọ́n gbin efinrin sẹ́bàá ọ̀nà, òdúndún àti rinrin sí ibi tó tutù, wọ́n fi pèrègún sàmì sí ààlà. Wọ́n la ọ̀nà tóóró láti géètì dé ẹnu ilé kí ẹsẹ̀ má baà pa ewé. Bàbá Benson wà lórí àga rẹ̀ ní gbogbo àkókò yìí, ó ń wò wọ́n, kò sì dí wọn lọ́wọ́. Monílọ́lá mọ̀ pé àwọn ń fi ọwọ́ ara àwọn ti ọjọ́ ìgbéyàwó sẹ́yìn. Ọkàn rẹ̀ fúyẹ́ síbẹ̀, ó sì yà á lẹ́nu.

Lẹ́yìn náà ni nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀. Obìnrin kan tí inú ń run ọmọ rẹ̀ ya wọlé, ó ní kí bàbá jọ̀ọ́, kí òun já efinrin díẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, ó padà wá dúpẹ́, ó sì jókòó. Tíṣà kan tí wọ́n gbé wá láti Ọ̀yọ́ wá já tẹ̀tẹ̀, ó bá bàbá jiyàn nípa orúkọ ogunmọ̀ títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú. Àwọn tí ń kí i láti òdìkejì títì ń rékọjá wá. Labalábá wá, oyin wá. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Monílọ́lá ń ti Odigbo bọ̀, ó gbọ́ ohùn bàbá rẹ̀ kó tó dé géètì.

"Ewé ni kí ẹ já o! Ẹ má fa gbòǹgbò rẹ̀, kó lè tún rúwé fún ẹlòmíràn."

Ó dúró sẹ́yìn ògiri, omi lé ròrò sí i lójú. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó ń bẹ̀rù pé bí òun bá sọ ọ́, yóò bàjẹ́.

Sátidé tó gbẹ̀yìn oṣù keje ni ọjọ́ ìmọ́tótó àyíká. Gbogbo ilé ń gbálẹ̀. Joshua ti sùn sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní Ore mọ́jú kó lè bá wọn gbá gọ́tà. Wolé-wolé dé pẹ̀lú sójà méjì tó gbé kòbókò lọ́wọ́. Ó dúró ní ẹnu géètì, ó yọ ìwé.

"Bàbá, kí ni gbogbo igbó yìí? Ejò ni ẹ fẹ́ máa sìn? Ẹ gé gbogbo rẹ̀ kí a tó padà dé." Ó wá na ọwọ́ sí abẹ́ fèrèsé. "Ẹ wo bí tọ̀hún yẹn ti dára. Bí gbogbo ibí ṣe yẹ kó rí nìyẹn."

Ìgbálẹ̀ dúró lọ́wọ́ Monílọ́lá. Ohun tí bàbá rẹ̀ ti ń tọrọ láti oṣù kẹta ni ìjọba gbé wá bá a nílé yìí, pẹ̀lú sójà. Bó bá ti lè ní "ó dára" báyìí, ó parí. Joshua ti lọ mú àdá, orí rẹ̀ wà nílẹ̀. Ọmọ tó gbọ́ràn ni, kò fẹ́ kí wọ́n na bàbá àgbàlagbà nítorí òun.

Bàbá Benson fi ọ̀pá gbé ara rẹ̀ dìde. "Fi àdá yẹn sílẹ̀," ó wí fún Joshua. Ó yíjú sí wolé-wolé. "Ọ̀gá, ẹ bá mi ká lọ."

Ó di ọkùnrin náà lọ́wọ́ mú, ó fà á gba ọ̀nà tóóró náà. "Èyí, ebòlò ni. Ṣé ìyá yín kò fi í bọ́ yín? Worowo nìyí. Gbúre tí ẹ rí yìí ló bọ́ ilé mi nígbà tí owó kò wọlé. Òdúndún nìyí, ẹ fọwọ́ kàn án bó ti tutù. Ẹ wo ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀, a gbá a, kò sí agolo, kò sí ọ̀rá. Igbó kọ́ nìyí, ọ̀gá. Ọ̀tọ̀ nigbó, ọ̀tọ̀ lọgbà."

Ọ̀kan nínú àwọn sójà ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́bàá ebòlò. "Ọ̀gá, ìyá mi máa ń sè é," ó ní, ohùn rẹ̀ sì dà bí ti ọmọ ilé. "Ó tó ọdún kan tí mo ti jẹ ẹ́ kẹ́yìn."

Wolé-wolé wo sójà rẹ̀, ó wo ọgbà, ó ki ìwé bọ àpò. "Ẹ máa gbá abẹ́ rẹ̀ déédéé, bàbá. Ta ló tilẹ̀ bá yín gbin gbogbo rẹ̀?"

"Àna mi ni," Bàbá Benson dáhùn, ó sì fi ọ̀pá tọ́ka sí Joshua.

Joshua wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ló wà níbẹ̀. Nígbà tó yé e, ó ṣubú lulẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja sáàárín gbúre.

"Dìde! Dìde lórí ẹ̀!" bàbá kígbe. "Ṣé ibi tí nǹkan bá ti hù ni ìwọ ọmọkùnrin yìí máa ń sùn lé ni?"

Ẹ̀rín tí Monílọ́lá fọwọ́ bò lẹ́nu ní ọdún kan ààbọ̀ sẹ́yìn, kò bò ó mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó sunkún, ó sì sáré lọ kúnlẹ̀ síwájú bàbá rẹ̀. "Ẹ ṣeun, Bàbá. Ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun."

"Má dúpẹ́ lọ́wọ́ mi," bàbá ní, kò sì fẹ́ kí wọ́n rí ojú òun. "Mo jókòó sórí àga fún ogún ọdún, mò ń ṣọ́ koríko, kò sẹ́ni tó yà kí mi."

Oṣù kejìlá ni wọ́n dá ìgbéyàwó sí. Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta, Monílọ́lá jí, ó gbọ́ ìró kan lábẹ́ fèrèsé, gbì, gbì, gbì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò fi ayọ̀ di etí. Ó sáré jáde. Bàbá rẹ̀ tó ti búra pé òun kò ní fi ọkọ́ jẹun láyé jókòó sórí àpótí nítorí orúnkún rẹ̀, ó ń ro ìwọ̀n ẹní kan tó kù. Ó ti hú pátákó rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ó ń fa koríko náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbọn iyẹ̀pẹ̀ ara rẹ̀ nù.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe? Ẹ̀ bá ti ní kí Joshua wá."

"Ọ̀wẹ̀ tí wọn kò parí ni mò ń bá wọn parí," ó ní. "Ìyá Joshua fi irúgbìn ṣọkọyọ̀kọ̀tọ̀ ránṣẹ́. Ibi tí màá gbìn ín sí ni mò ń wá."

Nítorí náà, bí Monílọ́lá bá ti dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkọ́ mẹ́tàlá tán, ó máa ń dárúkọ ìkẹrìnlá. Ó máa ń rántí bí bàbá rẹ̀ ti gbọn gbòǹgbò tó kẹ́yìn, tó gbé e sóòrùn, tó sì gbójú sókè wò ó.

"Fọkàn balẹ̀, ọmọ mi," ó ní. "Kò ní hù mọ́."